Ọjọ́ tí Wọ́n Pa Sùúrù Lẹ́nu Mọ́

Ẹni tó gun orí wáyà lánàá níwájú ilé mi, kó kọ́kọ́ wá jókòó síbí. Mi ò ní nà án. Ọwọ́ mi ò ká a mọ́, ẹnu nìkan ló kù fún mi. Ẹ̀yin tó kù náà, ẹ jókòó. Mo ń wò yín nígbà tí ọkọ̀ elépo yẹn rì sínú ẹrẹ̀, tí ẹ gbé ẹ̀rọ afọwọ́fà yín jáde, tí ẹ so ó mọ́ ìdí igi àgbọn mi. Ẹ mọ̀ ọ́n fà, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wáyà le tán, tó ń kùn bí agbọ́n, ọ̀kan nínú yín fò ó kọjá, ó tún padà wá, ó gbé ìdí lé e, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo pariwo. Ẹ ní, "Bàbá, ẹ lọ sinmi, iṣẹ́ àwọn ọmọ ìwòyí nìyí."

Iṣẹ́ ọmọ ìwòyí kẹ̀! Wọn ò tíì bí bàbá ẹlòmíràn nínú yín tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti ń sùn sókè àjà mi.

Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tí ẹ̀ ń wò yìí kọ́ ni èyí tí a bí mi sí. Lẹ́yìn Ìkọ̀yà níbí, igbó ni, igbó tí oòrùn ń wọ̀ bí olè, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Àáké la fi ń gé igi nígbà náà. Bí igi ńlá bá wó, ilẹ̀ á mì, ẹyẹ á dákẹ́, àwọn ìyá wa tó ń bó ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe pupurú nílé á gbọ́ ọ, wọ́n á dáwọ́ dúró, wọ́n á ní, "Ó ti wó o. Kí Ọlọ́run kó gbogbo wọn yọ." Lónìí, ẹ̀rọ ayùn ń ké láti àárọ̀ dé alẹ́ bí ẹni tí eyín ń dùn, igi ń wó, kò sí ìyá kankan tó ń gbórí sókè.

Gígé kọ́ ni iṣẹ́. Fífà ni. Kí ẹ̀rọ tó dé, okùn la fi ń fa gẹdú, àwọn ọkùnrin á tò bí ìjàlọ, igi róbótó á wà lábẹ́ rẹ̀ tí yóò máa yí lé, orin á wà lẹ́nu. A ó fà á títí dé odò tó wà nísàlẹ̀ oko. Àwọn ará Ìlàjẹ ló ń gbà á lọ́wọ́ wa níbẹ̀, wọ́n á dì í pọ̀ bí ẹní, wọ́n á tù ú gba orí omi lọ sí Èkó. Omi yẹn ni ọ̀gá wa. Ìgbà òjò nìkan ló ń kún tó lè gbé gẹdú. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń kan ilẹ̀kùn, omi á fà, gẹdú tí kò bá tíì dé odò di oúnjẹ ikán.

Àwa tí a jọ ń ṣe é: Akíntimẹ́yìn ni olórí wa. Èmi àti òun ni wọ́n jọ dá abẹ́ fún lọ́jọ́ kan náà, a jọ jẹun nínú àwo kan dàgbà. Jékọ́bù wà níbẹ̀, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tó ń fi ohùn ìsàlẹ̀ kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Orímisan wà níbẹ̀, aláwàdà. Ẹni tó kéré jù nínú wa ni Ọmọ́ṣẹ̀hìn, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi. Òun ló ń lé orin. Bí ó bá ti ní "Ẹ fà á wálé o," ẹni tó ti rẹ̀ gan-an á tún fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀.

A dá owó jọ, a ra ẹ̀rọ. Kò tóbi ju èyí tí ọkùnrin kan lè gbé lé èjìká lọ. Wáyà wé mọ́ inú rẹ̀, ìkọ́ kan wà níwájú, ìkọ́ kan wà lẹ́yìn, ọwọ́ irin gígùn kan sì wà lára rẹ̀ tí à ń fà síwá sẹ́yìn. Ẹ so ìkọ́ kan mọ́ igi tó dúró ṣinṣin, ẹ so èkejì mọ́ gẹdú, ẹ máa fà. Kẹ́rẹ́... kẹ́rẹ́... kẹ́rẹ́. Gẹdú tí odindi àdúgbò ń làágùn lé lórí, ọkùnrin kan ṣoṣo ló ń fà á bọ̀ bí ẹni fa ewúrẹ́ alágídí. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ lò ó ni Orímisan ti sọ ọ́ lórúkọ. Ó ní, "Ẹ wò ó bó ṣe ń lọ. Sùúrù lorúkọ eléyìí."

Wọ́n fi mí ṣe olùtọ́jú Sùúrù. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní n kì í kánjú. Bí a bá ti oko dé, n kì í jẹun kí n tó fọ ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀. N ó na wáyà sílẹ̀ tán pátá, n ó fi àkísà dì í mú, n ó máa fà á gba inú àkísà kọjá. Àkísà ni o, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́. Bí fọ́nrán kan bá ti já lára wáyà, á há mọ́ àkísà, ojú mi á sì là. Bí ọwọ́ lásán ni, á là á bí abẹ. Ibi tí wáyà bá ti ká kò tó sì ṣẹ́, a kì í fi òòlù nà án kí a tún máa lò ó. Ìkọ́ tí ẹnu rẹ̀ bá ti ń yà, a ó yọ ọ́ sọnù. N ó wá fi ọ́ìlì díẹ̀ nu ún, n ó gbé e kọ́ sókè àjà níbi tí òjò kò lè dé, tí èéfín ààrò sì ń fẹ́ sí i lára. Ìyàwó mi á máa wò mí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, á ní, "Ṣé ìyàwó tuntun ti wẹ̀ tán? Ẹ wá jẹun o, ìyáálé ò ní dúró dè yín mọ́." Láti ibẹ̀ ni gbogbo ilé ti ń pè mí ní Ọkọ Sùúrù.

Ẹ̀rín ń pa mí, ẹ dúró. Lọ́jọ́ kan tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, mo ní kí Orímisan bá mi tọ́jú rẹ̀. Orímisan! Ọmọ Ìkálẹ̀ pọ́ńbélé, tí epo pupa jẹ́ oògùn ohun gbogbo lójú rẹ̀: epo fún ọgbẹ́, epo fún ilẹ̀kùn tó ń ké, epo fún ọmọ tó ń húkọ́. Ó bu epo, ó fi ra Sùúrù láti orí dé ẹsẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, ìjàlọ ti kún inú ẹ̀rọ. Jékọ́bù ò wò ó, ó gbé e lé èjìká, a ń lọ. Kí a tó dé ìsọ̀kalẹ̀ odò, ọkùnrin ńlá náà ti ju ẹ̀rọ sílẹ̀, ó ń jó, ó ti bọ́ ṣòkòtò sọnù lójú àwọn obìnrin tó ń pọnmi bọ̀.

"Orímisan, o pa mí o!"

"Bọ̀dá Jékọ́bù, ẹ má bínú. Mo rò pé ebi ń pa á ni."

Títí di ìgbà ìkórè ọdún náà ni àwọn obìnrin ń fi ijó yẹn kí Jékọ́bù. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó wà nídìí ẹ̀rín: epo pupa á máa kó iyanrìn jọ, iyanrìn á máa jẹ eyín ẹ̀rọ, epo tó bá sì ti dì á bo fọ́nrán tó já mọ́lẹ̀, ojú ò ní rí i. Mo fi kèrósíìnì fọ Sùúrù títí ọwọ́ mi fi bó.

A tún ní ohun kan tí à ń ṣe tí mi ò rí kí ẹnikẹ́ni nínú yín ṣe lánàá. Ẹni tí yóò fa ọwọ́ ẹ̀rọ lọ́jọ́ kan, òun ni yóò mú ògbólógbòó ìró ìyàwó rẹ̀ wá láti ilé. A ó rì í sínú odò kó mumi dáadáa, a ó dá a lé àárín wáyà. Wáyà tó le tó sì já, ejò ni. Á fò padà, ohun tó bá bá lọ́nà ni yóò gé. Ṣùgbọ́n bí aṣọ tútù bá wà lọ́rùn rẹ̀, ìwúwo aṣọ á fà á lulẹ̀. Ẹni tí kò tíì gbéyàwó, ìyá rẹ̀ ló ń fún un láṣọ. Akíntimẹ́yìn á máa ráhùn pé, "Obìnrin yìí ò jẹ́ n sinmi nílé, ẹ tún ní kí n gbé ìró rẹ̀ wá sínú igbó kó máa ṣọ́ mi." Síbẹ̀ kò gbàgbé ìró náà rí.

Ọmọ́ṣẹ̀hìn ò tíì láya nígbà náà. Ìró ìyá wa ló ń lò, aláró kan tó ti ṣá, tó ní igun kan tí ìyá wa ti fi òwú pupa rán.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ọwọ́ irin tí à ń fà yẹn, ìṣó idẹ kékeré kan ló so ó mọ́ ara ẹ̀rọ. Idẹ rọ̀, irin le. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà mọ̀ọ́mọ̀ fi ohun tó rọ̀ síbẹ̀ ni. Bí ẹrù bá wúwo ju ohun tí wáyà lè gbà lọ, ìṣó yẹn ni yóò kọ́kọ́ ṣẹ́: pẹ́ẹ́! Ọwọ́ ẹ̀rọ á rọ̀ jọwọ, kò ní fa nǹkan kan mọ́, gẹdú á dúró síbi tó wà, ènìyàn á wà láàyè. Nítorí náà, bí ìṣó bá ṣẹ́, ẹnì kankan nínú wa kì í bínú. Orímisan á ní, "Sùúrù ti sọ̀rọ̀." Gbogbo wa á jókòó. A ó jẹ pupurú tí a dì wá, a ó mu omi, a ó wá lọ wo ohun tó di gẹdú mú: bóyá gbòǹgbò ni, bóyá imú rẹ̀ ló rì sínú ilẹ̀. A ó gbẹ́ ẹ, a ó ti igi róbótó sábẹ́ rẹ̀, n ó fi ìṣó mìíràn sí i, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bá Sùúrù jiyàn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ìkẹyìn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ọdún tí mò ń wí yìí, ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, gẹdú ń lọ lọ́jà. Òjò tètè dáwọ́ dúró. Igi ọ̀gànwó kan ṣì wà nínú igbó, èyí tó tóbi jù tí a gé lọ́dún náà. Ìkúẹsàn, ará Ìlàjẹ tó ń bá wa tu gẹdú, ti dúró sí etídò, ó ń fi ọ̀pá wọn omi láràárọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ará òkè, omi ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ o. Bí ọ̀gànwó yín ò bá dé ní ọ̀la, mo ti lọ nìyẹn." Ìṣó idẹ tó wà lára Sùúrù ló kù wá kù. Mo ní kí n sáré dé Òde-Ìrèlè, lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ tó ń bá wa gé e.

Mo pe Akíntimẹ́yìn sẹ́yìn. Mo ní, "Bí eléyìí bá ṣẹ́ kí n tó dé, ẹ jókòó dè mí."

Ó fi ọwọ́ gbá mi lẹ́yìn. Ó ní, "Ọkọ Sùúrù, ṣé ọmọdé ni mí ni? Máa lọ, máa bọ̀."

Nígbà tí mò ń padà bọ̀, ìṣó wà nínú àpò mi, ó ń dún wọnrinwọnrin. Mo pàdé àwọn ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà oko, kò sẹ́ni tó kí mi. Obìnrin kan káwọ́ lérí nígbà tó rí mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀.

Ọmọ́ṣẹ̀hìn ló ń fa ọwọ́ ẹ̀rọ. Wáyà já nítòsí ẹ̀rọ níbẹ̀, ní apá ọ̀dọ̀ rẹ̀, níbi tí aṣọ kò lè dá a dúró. Ó gbà á láyà. Wọ́n gbé e, wọ́n forí lé Òkìtìpupa, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ló dákẹ́ sí.

Lẹ́yìn tí a sin ín, mo lọ sínú igbó. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ lọ wò. Sùúrù ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀, ihò ìṣó rẹ̀ ṣófo, ẹnu ihò náà sì ti họ yánnayànna bí ibi tí eku ti jẹ. Idẹ kì í họ irin. Mo wá wo ìdí igi tí a máa ń jókòó sí jẹun. Abala ìṣó idẹ méjèèjì wà níbẹ̀ lórí ewé, ẹnì kan ti kó wọn jọ pọ̀. Ìṣó ti ṣẹ́. Sùúrù ti sọ̀rọ̀. Bí ìṣó bá sì ti ṣẹ́, ọwọ́ ẹ̀rọ ò lè fa nǹkan kan mọ́. Kí ló wá fa wáyà títí tó fi já?

Mo bá Akíntimẹ́yìn nílé. Mo na abala méjèèjì sí i. Kò tilẹ̀ sẹ́.

"Omi ń fà, ọ̀rẹ́ mi. Mo gé irin díẹ̀ lára kẹ̀kẹ́ Jékọ́bù, mo fi há a."

"Irin ńkọ́?"

"Mo ti jù ú sódò."

Mo ní kó jẹ́ ká jọ lọ sọ ọ́ níwájú àwọn àgbà, kí ìyá mi lè mọ bí ọmọ rẹ̀ ṣe kú. Ó gbá ọwọ́ mi mú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣeré lẹ́yìn ilé, mo ń gbọ́ wọn. Ó ní, "Bí wọ́n bá mọ̀ pé èmi ni, wọ́n á lé èmi àti àwọn ọmọ mi kúrò nílùú. Ìwọ ńkọ́? Ọmọ ìyá rẹ ni. Ta ni yóò lé ọ?"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́. Ó ti wọ̀n ọ́n, bí Ìkúẹsàn ṣe ń wọn omi. Ó ti rí i pé èjìká mi lè gba ẹrù náà, ó sì ti gbé e lé mi kí n tó ti Òde-Ìrèlè dé. Ohun tó ti sọ fún gbogbo ayé ni pé wáyà ti gbó, pé ìṣó àti wáyà jọ já lẹ́ẹ̀kan náà ni, pé olùtọ́jú ló yẹ kó mọ̀.

Wọ́n pe ìpàdé. Mo sọ tèmi, mo gbé abala ìṣó sílẹ̀. Akíntimẹ́yìn gbé ọwọ́ lé Bíbélì, ó sọ tiẹ̀, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Wọ́n yíjú sí Jékọ́bù. Jékọ́bù, tí ohùn rẹ̀ ń mi fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní òun ò kíyè sí i. Wọ́n yíjú sí Orímisan. Ó kọ́kọ́ wò mí, mo rò pé ó fẹ́ sọ ọ́. Ó wá ní, "Ohun tí Bọ̀dá Akíntimẹ́yìn wí náà ni." Ọjọ́ yẹn nìkan ni Orímisan sọ̀rọ̀ láìpa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Mi ò bìkítà fún àwọn àgbà. Ìyá mi ni mò ń wò. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ìró aláró wà lórí itan rẹ̀, ó ti ya láàárín. Nígbà tí a délé, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ó ní, "Ṣé o fi àkísà nu wáyà ọ̀hún?"

"Mo nù ún, Ìyá mi. Mo nù ún ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú."

"Ọkùnrin mẹ́ta ló sọ̀rọ̀ lónìí. Ṣé gbogbo wọn ló ń purọ́, kí ìwọ nìkan máa sòótọ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dìde, ó wọlé. Kò lé mi, kò gbé mi ṣépè. Oúnjẹ tó ń ṣe fún mi, ó ń ṣe é. Bí mo bá kí i, á dáhùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò gbé nǹkan kan fún mi tọ́jú mọ́. Kọ́kọ́rọ́ àpótí rẹ̀ tó máa ń wà lọ́wọ́ mi, ó gbà á. Ewúrẹ́ rẹ̀ tí mo ń so, ó kó o fún ará ilé kejì. Bí òjò bá ń jò sí i lórí, á dúró de ẹni tí yóò kọjá lójú ọ̀nà kó tó sọ̀rọ̀ òrùlé. Ẹ̀yin ọmọ, wọ́n ti lu mí rí, ebi ti pa mí rí, mo ti sin ìyàwó mi. Kò sí èyí tó dùn mí tó kọ́kọ́rọ́ yẹn.

Nígbà tí ìyá mi fẹ́ kú, ó pè mí, ó fa ìró aláró náà yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó ní, "Gbà. Ìwọ lo mọ nǹkan í tọ́jú." Mo ti ń yí ọ̀rọ̀ náà wò láti ọjọ́ yìí wá. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo máa ń gbọ́ ọ bí ìdáríjì, àwọn ọjọ́ kan sì wà tó máa ń gún mi. Kò dúró kí n bi í léèrè.

Ìyá mi ti wà ní sàréè tipẹ́ kí àìsàn tó dá Orímisan dùbúlẹ̀, tó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní Ọmọ́ṣẹ̀hìn kọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní ọmọ náà jókòó nígbà tí ìṣó ṣẹ́, pé ọmọ náà ló kó abala méjèèjì jọ, tó sì wí pé, "Ẹ jẹ́ ká dúró de Bọ̀dá mi." Akíntimẹ́yìn wá nàka sí ìró ìyá wa lórí wáyà, ó ní, "Ọmú ìyá rẹ lo ṣì ń mu nídìí aṣọ yẹn? Dìde, bí o bá jẹ́ ọkùnrin." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Orímisan náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà dìde.

Mo ní, "Orímisan, o mọ èyí, o sì jẹ́ kí ìyá mi kú láìgbọ́ ọ." Ó ń sunkún. Mi ò bá a sunkún. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Gbogbo wọn ti lọ báyìí. Wọ́n fi orin àti ìlù sin Akíntimẹ́yìn bí bàbá ìjọ. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, pé èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó pẹ́ jù. Mo ní ọ̀fun ń dùn mí. Àwọn kan nínú ẹ̀yin tó jókòó yìí ń jẹ́ orúkọ wọn. Mi ò bá yín jà, ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe é.

Ṣùgbọ́n lánàá, nígbà tí ẹ lọ wẹ ẹrẹ̀ kúrò lára, mo fi ọ̀pá mi tilẹ̀, mo lọ wo ẹ̀rọ yín. Mo wo ibi tí ìṣó rẹ̀ ń gbé. Irin ni mo bá níbẹ̀. Nígbà tí mo bi ọ̀kan nínú yín, ó ní, "Bàbá, èyí tó wà níbẹ̀ máa ń ṣẹ́ jù."

Ó yẹ kó máa ṣẹ́. Nítorí kó lè máa ṣẹ́ ni wọ́n ṣe ṣe é.

Ẹ gbé ìró yẹn fún mi, èyí tó wà lórí àpótí. Aláró ni nígbà kan. Ẹ rọra, ó ti ya láàárín. Ẹ tú igun tó ní òwú pupa yẹn. Ìṣó tí mo lọ rà ní Òde-Ìrèlè lọ́jọ́ náà nìwọ̀nyẹn, mi ò fi ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ṣe nǹkan kan rí. Ìpẹtà kì í jẹ idẹ. Ẹ yọ irin yẹn kúrò lára ẹ̀rọ yín níṣojú mi, kí ẹ fi ọ̀kan wò ó bóyá á wọ̀. Bí kò bá wọ̀, ẹ gbé e tọ alágbẹ̀dẹ lọ kó gé irú rẹ̀ fún yín.

Bí ó bá sì ṣẹ́, ẹ jókòó.